Ajá ńlá, rúùmù kékeré: ẹjọ́ Ṣẹ́pádì kan ní Adéníkẹ̀ẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Gbogbo àwa tá à ń tọ́jú ẹran nílùú tí yunifásítì wà la mọ ìbéèrè yìí, "Dókítà, ẹnì kan fẹ́ fún mi lájá, ṣé kí n gbà á?" Tí sẹ̀mẹ́sítà bá ti fẹ́ parí, tí àwọn tó ń jápa bá ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, wọn á gbé e dé. Èyí tí mo fẹ́ kọ yìí, mo yàn án láàárín àwọn yòókù torí pé ọmọ tó ni ín ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa, èyí tó dáa ó sọ, èyí tó ń tì í lójú ó sọ, ó tiẹ̀ tún ń fi fóònù gba ohùn ajá náà sílẹ̀ fún wa. Òun náà ló ní ká kọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ajá náà gan-an Bingo la ó máa pè é, orúkọ òyìnbó gígùn kan ni wọ́n sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin ni, 300 level ní LAUTECH, ẹ̀ka ẹ́ńjíníà. Self-con ló ń gbé ní Adéníkẹ̀ẹ́, rúùmù kan àti báluwẹ̀ àti kíṣìnì tí èèyàn méjì ò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà, nínú kọ́ḿpáùn onírúùmù mẹ́jọ, fẹ́ǹsì wà, géètì wà, igi máńgòrò kan wà láàárín. Wọ́n ti já wọ rúùmù yẹn nígbà kan, wọ́n kó láptọ́ọ̀pù àti fóònù ẹ̀ lọ, látìgbà náà oorun ẹ̀ ò já gaara mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn rí físà, ó ń lọ ìlú ọba, ó sì ní Jámánì Ṣẹ́pádì akọ kan tó ti pé ọdún méjì, kíló 36, irun ẹ̀ kún dẹ́dẹ́, ara ẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n ò lè gbé e dání. Láti Nàìjíríà dé ọ̀hún, ajá gbọ́dọ̀ ní máíkíróṣíìpù lára (ohun kékeré tó ní nọ́ńbà ajá nínú, tí wọ́n ń ki bọ abẹ́ awọ ẹ̀), kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó tó ọjọ́ 30 ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní láàbù tí wọ́n fọwọ́ sí, kó tún wá dúró oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, a ò tíì sọ owó ọkọ̀ òfuurufú o. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó wọlé síṣẹ́ lọ́hùn-ún ò lè dúró de gbogbo ìyẹn, ló bá ní kí àbúrò máa mú ajá lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ajá tí àwọn kan ń tà lówó gọbọi, ta ni wọ́n á fún lọ́fẹ̀ẹ́ tí ò ní yọ̀?

Àwọn méjèèjì ló jọ mú un wá. Ara ajá le, eégbọn díẹ̀ ló wà nínú etí ẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà, àmọ́ ti dìgbòlugi tó yẹ kó tún gbà lọ́dọọdún ti kọjá àsìkò. A fún un níbẹ̀. Ìgbà tá à ń kọ ọ́ sínú káàdì lọ́wọ́ lọmọ náà bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Mi ò ní kó gbà á, mi ò ní kó má gbà á. Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ajá ṣe?" Ó ní torí olè ni sà, àti pé òun fẹ́ràn ajá, àwọn ní ajá nílé àwọn n'Ísẹ́yìn. Mo bi í pé irú ajá wo ló wà n'Ísẹ́yìn. Ekuke ni, ajá ìbílẹ̀ wa. Ta ló ń mú un rìn? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fúnra ẹ̀ ló ń mú ara ẹ̀ rìn, ó máa jáde láàárọ̀, ó máa padà bó bá gbọ́ òórùn oúnjẹ.

Ó dáa. Mo wá ṣàlàyé fún un pé èyí kì í ṣe irú ìyẹn. Ní 1899 ni ọ̀gá sójà kan ní Jámánì, Max von Stephanitz, fi orúkọ ajá àkọ́kọ́ irú èyí sílẹ̀, ajá tí wọ́n fẹ́ ni èyí tó máa sáré yí agbo àgùntàn ká látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láì rẹ̀ ẹ́, tó tún máa gbọ́ ohun tí olówó ẹ̀ ń sọ lókèèrè. Iṣẹ́ ló wà lára ẹ̀. Tó bá bá ara ẹ̀ nínú self-con ní Adéníkẹ̀ẹ́, iṣẹ́ yẹn ò kúrò lára ẹ̀, ó kàn máa wá nǹkan mìíràn ṣe ni, bóyá ìlẹ̀kùn, bóyá fóòmù. Ó tó wákàtí kan sí méjì lójúmọ́ tí irú ajá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sáré, kó rìn, kó gbóòórùn nǹkan kiri, kí í ṣe pé ká mú un dé ẹnu géètì kó tọ̀ ká sì padà wọlé.

Mo fún un ní bébà, mo ní kó kọ ọ̀sẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ, láàbù tó máa ń dé aago mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọjọ́ Sátidé kíláàsì, ọjọ́ Sunday ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì lè fi kúáyà sílẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ni aago márùn-ún ìdájí sí mẹ́fà ààbọ̀, àti alẹ́. Lọ́pọ̀ ọjọ́ Bingo á dá wà fún wákàtí mẹ́sàn-án. Ti oúnjẹ ńkọ́? Ajá tó tóbi tó báyìí máa jẹ bíi gíráàmù 400 oúnjẹ gbígbẹ tó dáa lójúmọ́, àpò kíló 15 ò ní ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ, bá a sì ṣe ṣírò ẹ̀, àpò kan ṣoṣo yẹn á gbé ju ìdajì owó oúnjẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Ó ní òun á máa sè é fún un, ẹ̀bà àti orí ẹja àti ẹsẹ̀ adìẹ. Ìyẹn ṣe é ṣe, ọ̀pọ̀ ajá ìlú yìí ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn, àmọ́ gáàsì ta ni, àti àkókò ta ni? (Egungun adìẹ tí wọ́n ti sè, ẹ má fún ajá o, ó máa ń fọ́ ṣọ́ṣọ́ró, ó lè gún un nífun.)

Ẹ̀gbọ́n ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó fò. Mo ní kí ọmọ náà mú ajá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí ilé ẹ̀gbọ́n ṣì jẹ́ ilé ajá, kí abọ́ oúnjẹ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àti pé kó tó mú un lọ, kó sọ fún onílé. Ó ti bá kiateka sọ̀rọ̀, kiateka ní kò burú, kó má ṣáà bu èèyàn jẹ. Mo ní kiateka ò nilé. Ó pe Ìyá onílé n'Íbàdàn níwájú mi, ó kúnlẹ̀ pàápàá bí ẹni pé Màmá ń rí i. Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí tó ń ṣọ́lé ni àbí èyí tẹ́ ẹ máa ń gbé sórí bẹ́ẹ̀dì?" Ó ní tó ń ṣọ́lé ni mà. Màmá ní, "Tó bá ti fi eyín kan ẹnikẹ́ni, ìwọ àti ẹ̀ lẹ jọ ń lọ o." Ó yé gbogbo wa.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ dùn. Ìdájí ni wọ́n ń jáde, kí ọ̀kadà tó pọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á sáré dé apá Stadium wọ́n á padà. Àwọn ọlọ́kadà ń yà fún un, àwọn ọmọdé ń sá wọlé. Bàbá kan tó jẹ́ Mùsùlùmí wà nínú kọ́ḿpáùn, Bingo lọ fẹnu kan bútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ọkàn ọmọ náà bàjẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀, Bàbá ò jà, ó ra bútà tuntun, ó gbé e kọ́ sókè ògiri. Mo gbádùn Bàbá yẹn gan-an. Irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ajá ò gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí i pé òun á rí i.

Ibi tó ti yí ni ọ̀sán. Ó fi fóònù àtijọ́ kan sílẹ̀ nínú rúùmù kó máa gba ohùn sílẹ̀, nígbà tá a gbọ́ ọ, kò pẹ́ tó tilẹ̀kùn tán lajá bẹ̀rẹ̀, ó ń gbó, ó ń họ ilẹ̀kùn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ya fóòmù. Àmọ́ fóòmù kọ́ ló bà wá lẹ́rù. Oṣù March ni, ẹ mọ bí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń rí nígbà yẹn, páànù lókè, iná ò sí, ó sì ti fèrèsé torí kó má fò já nẹ́ẹ̀tì. Ó dé láti láàbù lọ́jọ́ kan, ajá ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ahọ́n ẹ̀ pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Ó fi Márúwá gbé e wá. Ìgbóná ara ajá tó dáa máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2°C, tiẹ̀ wà ní 40.3. Tó bá fi kọjá 41, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ. Omi lásán la dà sí i lára, kì í ṣe omi yìnyín o, a tan fáànù sí i, ó rọlẹ̀. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń tu ara ẹ̀ lára, tí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú náà bá gbóná, kò sí ibi tó máa gbà.

Látọjọ́ náà ó so ó mọ́ abẹ́ máńgòrò lọ́sàn-án, ṣéènì gígùn, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ooru tán. Gbígbó wá di ìlọ́po. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wa ni ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Géètì náà níhò, Bingo ń rí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹnì kan bá ń bọ̀, ajá á gbó, ẹni náà á kọjá lọ, ó ṣáà ń lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ni. Lójú ajá, òun ló lé e. Oníbúrẹ́dì, òun ló lé e. Ọlọ́kadà, òun ló lé e. Kó tó di ọ̀sán ó ti ṣẹ́gun bíi ogójì èèyàn, ta ló máa wá sọ fún un pé kó dákẹ́? Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tó ń rí èèyàn tí ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ojoojúmọ́ ló ń kọ́ bá a ṣe ń bínú.

Ní bíi aago méjì òru ọjọ́ kan, àwọn kan fo fẹ́ǹsì ẹ̀yìn wọlé. Bingo gbó. Ọmọ náà sọ fún mi pé gbígbó yẹn yàtọ̀, ó jinlẹ̀, kò dánu dúró. Kò sẹ́nì kankan tó ṣílẹ̀kùn. Òun fúnra ẹ̀ ti ki íápíìsì bọ etí kó lè rí oorun sùn. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré aládùúgbò kan lọ láti ẹ̀yìnkùlé, ajá wà lórí ṣéènì níwájú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn aládùúgbò sọ fún un ni pé, "A gbọ́ ọ kẹ̀. Ṣebí bó ṣe ń ṣe látàárọ̀ nù un."

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára. Torí olè ló ṣe fẹ́ ajá, ajá sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ àwọn etí tó yẹ kó gbọ́ ti kú. Ajá tí ò ríṣẹ́ ṣe lọ́sàn-án ti ná gbogbo ohùn ẹ̀ tán kí alẹ́ tó lẹ́.

Kò juwọ́ sílẹ̀ o. Ó wá ọmọ kíláàsì ẹ̀ kan tó máa ń sáré, ọ̀dọ́kùnrin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá, wọ́n pín in, òun ìdájí, ọ̀dọ́kùnrin yẹn ìrọ̀lẹ́. A kọ́ ọ bó ṣe máa tọ́jú oúnjẹ ajá sínú páálí àtijọ́ kí Bingo fi imú wá a, kó má kàn máa dà á sínú abọ́, ìyẹn nìkan á gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ajá, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n fi tapólì àtijọ́ bo ihò géètì. Ohùn tó gbà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, díẹ̀ báyìí ló gbó, ó sùn ṣáá ni. Àwọn aládùúgbò kí i pé ajá rẹ ti gbọ́n.

Ẹlòmíì nínú wa á ní kó gbà á níbẹ̀ yẹn. Mo ní ká dúró, torí ọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ̀sì ló kàn.

Ọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ̀sì dé. Ọmọ kíláàsì ẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin yẹn, tẹ́ẹ̀sì kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Kò sẹ́ni tó sáré ìdájí, kò sẹ́ni tó sáré ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì wà ní ríídìǹgì. Kó tó tó ọjọ́ kẹrin gbogbo ẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà, ó tún le sí i. Ajá já ṣéènì, ó fò mọ́ ọmọ kiateka, ayọ̀ ni, kì í ṣe ìjà, àmọ́ èékánná ẹ̀ ha ọmọ náà lápá. Ó pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá dání. Dìgbòlugi tó bá ti hàn lára èèyàn, ikú ni, kò sí ẹ̀rín nínú ẹ̀. Káàdì yẹn ló jẹ́ kí gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Ká ní a ti ní ká dúró di ìgbà tó bá gba ajá pátápátá ká tó gún un lábẹ́rẹ́ ńkọ́?

Lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì ó dá wá, kò mú Bingo dání, bébà ló mú wá. Ó ti kọ gbogbo ẹ̀. Họ́lídè sẹ̀mẹ́sítà, Ìsẹ́yìn ló ń lọ, dírẹ́bà wo ló máa gbé ajá kíló 36 sínú bọ́ọ̀sì? 400 level, IT oṣù mẹ́fà, ìyẹn kó lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan, kò mọ ìlú tó máa bọ́ sí. 500 level, próójẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ẹ̀, kí ìjọba gbé e lọ sìnrú ìlú, káńpù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò ní jẹ́ kó mú ajá wọ̀, àti gbogbo ọdún tó kù níbi tí wọ́n bá gbé e sí. Títí tó máa fi ṣe gbogbo ìyẹn tán Bingo á ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà, irú ajá yìí sì lè pé mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá láyé. Ó ní, "Dókítà, mo ti wò ó títí, mi ò rí ibi tó wọlé sí." Mi ò sọ nǹkan kan, mo bu omi fún un.

Èyí tó tún le ni bó ṣe máa sọ fún ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti fi ṣe tẹ́sítímónì pàápàá, báwo ló ṣe máa ní òun ò ṣe mọ́? Èmi ló bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ gbaná jẹ, ó ní ṣé kò sí sítúdẹ́ǹtì tó ní ajá n'Ógbómọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n wà. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn tó wà nínú fóònù yìí pa pọ̀. Nígbà tó gbọ́ ajá ẹ̀ tó ń sunkún nínú rúùmù aago mọ́kànlá ọ̀sán, ó dákẹ́, ó ní kí ni ṣíṣe.

Oníbàárà wa kan ní oko ẹ̀gẹ́ àti adìẹ lọ́nà Ìlọrin, fẹ́ǹsì yí i ká, òṣìṣẹ́ méjì ń sùn níbẹ̀. Ó gbà á. Ọ̀rọ̀ ò dán níbẹ̀rẹ̀ o, adìẹ bíi mélòó kan bá a lọ, torí ohun tó ń sá níwájú Ṣẹ́pádì ni ó ń lé. Okùn gígùn ni wọ́n fi mú un rìn yí oko ká fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fi wáyà pín ibi adìẹ sọ́tọ̀. Ní báyìí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ló ń yí oko ká láàárọ̀ lálẹ́. Ti kọ́ḿpáùn, wọ́n dáwó, wọ́n ṣe irin sí fèrèsé, wọ́n gbé gílóòbù sólà sí ẹ̀yìnkùlé. Àṣé kiateka ní ekuke kan tó ti ń sùn sẹ́nu géètì látọjọ́ pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, tí kì í gbó àfi tó bá rí àjèjì lóru. Ọmọ yẹn ló sanwó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ẹ̀.

Fún àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí. Gbogbo wa la máa ń bi wọ́n nípa rúùmù, ṣé ó tóbi, ṣé kọ́ḿpáùn wà. Rúùmù ọmọ yẹn ò tóbi sí i ní ọ̀sẹ̀ tí Bingo fi ń sùn jẹ́jẹ́. Kálẹ́ńdà ni kẹ́ ẹ béèrè, ọdún mélòó ló kù, IT ńkọ́, họ́lídè ńkọ́, ẹni tó sọ pé òun á ràn án lọ́wọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀sám lọ́jọ́ kan náà. Àjọgbé ìdánwò náà, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí ìgbà tí ọwọ́ dilẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó le jù ni kó bọ́ sí, kó sì jẹ́ ìgbà tí ilé tí ajá ti wá ṣì ṣí sílẹ̀. Jíjápa yìí ló ń bà á jẹ́, lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ni wọ́n ń gbé ajá fúnni, kò ní sí ọ̀nà àbọ̀.

Ẹ má sì tètè sọ pé rárá. Ọmọ tẹ́ ẹ bá lé padà báyẹn, ojú títì ló máa ti lọ ra ọmọ ajá, ọmọ ajá sì tún le ju àgbà lọ fún sítúdẹ́ǹtì, abẹ́rẹ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí wọ́n á máa tún gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ti dìgbòlugi tó bá pé oṣù mẹ́ta, àrùn parvo tó ń fi ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ pa wọ́n, ìtọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Àwọn tí mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n gbà á náà wà, ọmọ onílé tó ń ti ilé bàbá ẹ̀ lọ sí LAUTECH, tí Màmá ń tajà lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀, ajá ò ní dá wà láéláé níbẹ̀.

Ohun kan tá a bẹ̀rẹ̀ látorí ẹjọ́ yìí, káàdì abẹ́rẹ́ ajá tó bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì, a ń kọ nọ́ńbà ẹni tó fúnni, ti ẹni tó gbà, àti ti ẹni tó máa gbà á tí ẹni kejì ò bá lè ṣe é mọ́, kí ajá tó kúrò ní iwájú wa. Tí ẹnì kẹta ò bá sí, a máa ń ní kí wọ́n lọ wá a ná.